Rọ́bà dúdú lórí òrùlé, epìyà nínú táńkì: ṣé oòrùn lè mú omi ẹja lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní àsìkò òtútù?

Ìbéèrè tó wọlé nìyí:

"Mo ní táńkì oníke kan lẹ́yìnkùlé, omi 1000 lítà ló ń gbà, epìyà ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ojú ọjọ́ bá gbóná, ara wọn a yá gágá, wọn a máa jà sí oúnjẹ. Tí àsìkò òtútù bá dé, omi a bọ́ sí dígírì 19 láàárọ̀, gbogbo wọn a lọ dúró sí ìsàlẹ̀, oúnjẹ a sì léfòó títí yóò fi rà. Mo fẹ́ ká rọ́bà dúdú sórí òrùlé kí pọ́ǹpù máa gbé omi gba inú rẹ̀. Ẹnìkan ní n má wulẹ̀ dán an wò, pé àpótí onígíláàsì nìkan ló lè ṣe é. Ẹlòmíràn ní kí n wá ẹ̀rọ oòrùn tí wọ́n fi ń mú omi ìwẹ̀ gbóná. Èwo ni kí n ṣe, báwo ni yóò sì ṣe tóbi tó?"

* * *

Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí òrùlé ná. Táńkì fúnra rẹ̀ ni ká kọ́kọ́ wò.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dáhùn irú ìbéèrè yìí, orí rọ́bà ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀: kí ó gùn tó báyìí, kí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó báyìí. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnìkan béèrè ibi tí ooru ọ̀sán àná gbà jáde. Bẹ́ẹ̀, oòrùn ti ń mú omi yẹn gbóná lójoojúmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan rọ́bà. Òru ló ń kó o lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láti fi dígírì 1 kún ooru omi 1000 lítà, kílówáàtì-wákàtí 1.16 ni a nílò. Ẹ di nọ́ńbà yìí mú, òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù dúró lé. Táńkì oníke tó gùn ní mítà 1.2, tó fẹ̀ ní mítà 1, tó sì ga ní mítà 1, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin papọ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 4.4. Bí afẹ́fẹ́ ìta bá fi dígírì 10 tutù ju omi lọ, tí ẹ̀gbẹ́ táńkì sì wà ní ìhòòhò, ooru tó ń gba ibẹ̀ jáde lè lé ní 400 wáàtì. Fún wákàtí 12 òru, ó ti di nǹkan bí kílówáàtì-wákàtí 5, ìyẹn dígírì 4 ó lé. Ẹ wá fi fóòmù funfun líle, irú èyí tí wọ́n máa ń fi há ẹ̀rọ sínú páálí kó má baà fọ́, yí táńkì kan náà ká. Bí fóòmù yẹn bá nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5, ohun tí yóò máa gba ẹ̀gbẹ́ jáde kò ní ju nǹkan bí 30 wáàtì lọ. Láti ìrọ̀lẹ́ dé àárọ̀, ohun tí omi yóò gba ẹ̀gbẹ́ pàdánù kò tó ìdajì dígírì 1.

Ojú omi tún le ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Omi tí afẹ́fẹ́ bá fà gbẹ kì í lọ lọ́wọ́ òfo, ó ń kó ooru dání. Lítà 1 péré tó bá gbẹ lójú táńkì 1000 lítà, á mú èyí tó kù fi ìdajì dígírì ó lé díẹ̀ tutù. Lóru tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá ń fẹ́, lítà 5 lè lọ báyìí. Ojú omi kò ní fi ju nǹkan bí mìlímítà 4 lọ sílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò fi ojú lásán rí i, ṣùgbọ́n dígírì 3 ti lọ.

Nítorí náà, ìdáhùn mi àkọ́kọ́: ẹ wọ táńkì láṣọ, ẹ dé e lórí, ẹ gbé fóòmù líle sí abẹ́ rẹ̀ kó má jókòó sórí kọnkéré tútù, kí ẹ tó náwó sórí ohunkóhun tó ń gba oòrùn. Ẹni tó gbé rọ́bà sórí òrùlé fún táńkì tó wà ní ìhòòhò, apẹ̀rẹ̀ ló fi ń pọnmi. Àwọn kan wà tí wọ́n ṣe èyí nìkan, tí omi wọn kò sì tutù kọjá ibi tí ẹja ti lè jẹun mọ́, tí wọn kò sì ní ìdí láti ká rọ́bà kankan.

* * *

Èsì kan dé kíákíá: "Tí mo bá dé táńkì, ẹja mi á kú. Ẹja ń mí."

Mi ò fojú kéré ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ ọ́ ti jí láàárọ̀ bá ẹja tó léfòó rí. Ṣùgbọ́n nínú táńkì tí ẹja pọ̀ sí, kì í ṣe ojú omi tó dákẹ́ rọ́rọ́ ló ń bọ́ wọn ní atẹ́gùn. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi ló ń ṣe é, tàbí omi tó ń já bọ́ láti inú asẹ́. Ẹ fi ìdérí bo ibi tí omi ti dákẹ́, kí ẹ fi ibi tí ìfófòó ti ń hó sílẹ̀ gbayawu. Àrọ̀ máa ń gòkè wá gbé atẹ́gùn mì, nítorí náà kí ìdérí tirẹ̀ ga díẹ̀ kúrò lójú omi, kó má fẹ̀yìn lé e. Epìyà kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá wà nínú omi nìkan ni tirẹ̀.

Ohun tó yẹ ká bẹ̀rù gan-an ni ooru fúnra rẹ̀. Omi tí kò níyọ̀, ní dígírì 20, lè di ọ́síjìn tó tó mílígíráàmù 9 mú nínú lítà kan. Ní dígírì 30, kò lè ju nǹkan bí 7.5 lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ara ẹja tó gbóná ń béèrè ọ́síjìn púpọ̀ sí i, pàápàá lẹ́yìn tó bá jẹun yó. Èyí tó wà ń dínkù, èyí tí wọ́n ń fẹ́ ń pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mú omi gbóná, kí ó kọ́kọ́ fi kún agbára ẹ̀rọ atẹ́gùn rẹ̀, kí ooru tó wọlé dé.

Kí n tó kúrò níbẹ̀: bí ẹ̀rọ atẹ́gùn bá ń fa afẹ́fẹ́ òru láti ìta, afẹ́fẹ́ tútù gbígbẹ ló ń fẹ́ sínú omi láti alẹ́ mọ́jú. Ẹ gbé e sínú ilé tàbí sínú ọgbà tí afẹ́fẹ́ kò ti gbòde. Ẹ má pa á o.

* * *

Ó wá kan rọ́bà àti àpótí onígíláàsì.

Àwọn aláríyànjiyàn méjì ló wà níbí, ìkínní ní láìsí gíláàsì, ìṣeré lásán ni. Ìkejì ní gíláàsì ń fọ́, ó wúwo, rọ́bà tó. Àwọn méjèèjì ń sọ òtítọ́ nípa iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Agbára gíláàsì kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ní 1767, Horace-Bénédict de Saussure, ọmọ Switzerland, kan àpótí tó fi gíláàsì bò ní ìpele ìpele, ó gbé e sí oòrùn, inú rẹ̀ sì gbóná ju omi híhó lọ. Ẹni tó bá fẹ́ omi ìwẹ̀ tàbí omi ìfọṣọ, tó fẹ́ dígírì 50 tàbí 60, kò lè bọ́ lọ́wọ́ gíláàsì, nítorí ohun tó bá gbóná tó bẹ́ẹ̀ ń tú ooru dànù sí afẹ́fẹ́ gan-an.

Ẹja kò fẹ́ dígírì 60. Dígírì 28 ló ń fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ ọ̀sán bá wà ní dígírì 24, tí omi inú rọ́bà sì wà ní 29, kí ló fẹ́ bọ́ nínú rọ́bà lọ sínú afẹ́fẹ́? Díẹ̀ péré. Gíláàsì náà sì ń dá díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ padà, kì í jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wọlé. Níbi tí ọ̀sán ti ń gbóná tó sì jẹ́ òru nìkan ló ń tutù, rọ́bà dúdú ìhòòhò lè bá àpótí dọ́gba, ó tilẹ̀ lè borí rẹ̀. Ọ̀tá rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ níbi tí ògiri tàbí ọgbà ti dènà afẹ́fẹ́, kó fara kan ohun dúdú tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀sán pàápàá ti wà ní dígírì 10, tí oòrùn ń ràn ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ ń gún ni lára, gíláàsì tàbí ọ̀rá tó mọ́ gaara ni yóò gba ẹ sílẹ̀.

Ẹ̀rọ omi ìwẹ̀ tó jẹ́ ọ̀pá gíláàsì onípele méjì, tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ àárín wọn tán, ńkọ́? Mi ò gbà á nímọ̀ràn fún ẹja. Bí omi bá dúró nínú rẹ̀ lójú oòrùn, ibi tó ń gba ooru lè gbóná kọjá dígírì 200. Ẹ fojú inú wo pọ́ǹpù tó dá dúró lọ́sàn-án gangan, tó tún wá bẹ̀rẹ̀.

Ní ti bó ṣe máa tóbi tó: oòrùn ọ̀sán tí ìkùukùu kò bò ń fún mítà onígun mẹ́rin 1 ní nǹkan bí 1000 wáàtì. Ká ní ìdajì rẹ̀ ló dé inú omi. Ọjọ́ tí oòrùn tó lágbára bá ràn fún wákàtí 5, ẹ ti rí kílówáàtì-wákàtí 2.5, ìyẹn dígírì 2 ó lé díẹ̀ fún omi 1000 lítà. Fún táńkì tó wà nínú ìbéèrè wa, bí wọ́n bá ti fi fóòmù wọ̀ ọ́, mítà onígun mẹ́rin 2 tó. Rọ́bà tó fẹ̀ ní mìlímítà 20 láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, tó gùn ní 100 mítà, tí wọ́n tò mọ́ra wọn, á fún yín ní iye yẹn gẹ́lẹ́. Kí ẹ má ṣe jẹ́ kí omi gba 100 mítà náà lọ́nà kan ṣoṣo o, pọ́ǹpù kékeré á kàn máa kérora ni. Ẹ gé e sí mẹ́rin, kí orí àti ìdí wọn so mọ́ páìpù tó fẹ̀ ju wọ́n lọ.

* * *

"Ẹ má jẹ́ kí omi sáré. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ nínú rọ́bà kó lè gbóná dáadáa."

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ sórí rẹ̀, nítorí ó ti ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́.

Ó ń jọ òtítọ́ nítorí ọwọ́ la fi ń dán an wò. Ẹni tó ti fáàfù pa díẹ̀, tó fọwọ́ kan omi tó ń jáde, á rí i pé ó gbóná, inú rẹ̀ á dùn. Ẹni tó ṣí i gbagada á fọwọ́ kàn án, kò ní mọ ìyàtọ̀ sí omi inú táńkì, á ní kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹja kì í gbé ẹnu rọ́bà. Ohun tó ń wọ táńkì ni bí omi ṣe pọ̀ tó àti bó ṣe gbóná tó, méjèèjì papọ̀.

Ká tún mú 500 wáàtì láti orí mítà onígun mẹ́rin 1. Bí lítà 1 bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú kan, omi á fi dígírì 7 gbóná ju bó ṣe wọlé lọ. Bí lítà 5 bá ń kọjá, dígírì 1 àti ìdajì péré ni. Ooru tí àwọn méjèèjì gbé dé táńkì ì bá dọ́gba bí rọ́bà kò bá pàdánù ohunkóhun. Àmọ́ ó ń pàdánù. Bí ara rọ́bà bá ṣe gbóná ju afẹ́fẹ́ ìta lọ tó, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe máa tú u dànù tó. Èyí tó ń lọ́ra tó sì ń jó ni lọ́wọ́ ló ń fi ooru ta afẹ́fẹ́ lọ́rẹ. Èyí tó ń sáré, tí kò jọ pé ó ń ṣe nǹkankan, òun ló ń kó púpọ̀ délé.

Omi púpọ̀ tó gbóná díẹ̀ ló dára fún táńkì, ó sì dára fún ẹja náà, nítorí kò sí ibì kan nínú omi tí yóò gbóná lójijì. Tèmi ni pé kí ìyàtọ̀ láàárín ìwọlé àti ìjáde wà láti dígírì 1 sí 3. Tó bá ti kéré ju 1 lọ, iná pọ́ǹpù lẹ ń fi ṣòfò.

Ẹni tó bá ṣì ń jiyàn, kí ó fi tẹmómítà sínú táńkì, jìnnà sí ẹnu rọ́bà, kí ó kà á láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kí ó ṣe é ní ọjọ́ tí omi ń lọ́ra àti ní ọjọ́ tó ń sáré, kí oòrùn ọjọ́ méjèèjì jọra. Nọ́ńbà ìrọ̀lẹ́ ni kí ó gbàgbọ́, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀.

* * *

Rọ́bà tó ń gba ooru lọ́sàn-án, òun náà ló ń tú u jáde lóru. Bí ojú ọ̀run bá mọ́ láìsí ìkùukùu, ohun dúdú tó kọjú sí i lè tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ. Pọ́ǹpù tó ń ṣiṣẹ́ láti alẹ́ mọ́jú ń gbé omi ẹja yín lọ sórí òrùlé kó lọ gba òtútù ni. Ẹnìkan kọ̀wé pé láti ìgbà tí òun ti ká rọ́bà ni omi òun ti ń tutù sí i láàárọ̀, ó sì gbà pé rọ́bà náà kò dára. Kò sí ohun tó ṣe rọ́bà. Ẹ kàn máa pa pọ́ǹpù náà lálẹ́.

Báwo ni ká ṣe ń pa á? Àwọn kan ń lo aago, ṣùgbọ́n aago kò mọ ọjọ́ tí ìkùukùu bo oòrùn. Àwọn mìíràn ń lo ẹ̀rọ tó ń fi ooru orí òrùlé wé ti táńkì: bí òrùlé bá fi dígírì 6 tàbí 8 gbóná jù, á tan pọ́ǹpù, bó bá ku dígírì 2, á pa á. Ó dára gan-an. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pọ́ǹpù kékeré tí wọ́n so tààrà mọ́ páànẹ̀lì sólà kékeré, láìsí bátìrì. Oòrùn yọ, pọ́ǹpù ń sáré. Ìkùukùu bò, ó ń rọra. Oòrùn wọ̀, ó dákẹ́. Ẹnìkan ní á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀ kí rọ́bà tó gbóná. Lóòótọ́ ni, àmọ́ ìwọ̀nba ohun tó ń pàdánù nígbà náà kò tó nǹkan.

Ọ̀nà kan tún wà tí mo fẹ́ kí àwọn ènìyàn máa lò ju bí wọ́n ṣe ń lò ó lọ: ẹ gbé rọ́bà dagun díẹ̀, láìsí ibi tó kòtò, kí ó lè jẹ́ pé nígbàkúùgbà tí pọ́ǹpù bá dúró, gbogbo omi inú rẹ̀ á ṣàn padà sínú táńkì, atẹ́gùn á sì rọ́pò rẹ̀. Ìṣòro mẹ́ta ló ń yanjú lẹ́ẹ̀kan. Òru kò rí omi tí yóò mú tutù nínú rẹ̀. Níbi tí omi ti ń di yìnyín, kò sí omi tí yóò dì tí yóò bẹ́ páìpù. Bí pọ́ǹpù bá sì kú lọ́sàn-án, kò sí omi tí oòrùn yóò máa sè níbẹ̀. Ohun tó ń béèrè ni pọ́ǹpù tó lágbára láti gbé omi dé òkè pátápátá, àti àyè lókè táńkì fún omi tó ń padà bọ̀. Rọ́bà 100 mítà tí ihò inú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 16 ń gba 20 lítà. Táńkì tó kún dé ẹnu á dà á sílẹ̀.

Àwọn tó ní kí a má lo pọ́ǹpù rárá, pé omi gbígbóná ń gòkè fúnra rẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni, bí táńkì bá wà lókè tí rọ́bà sì wà nísàlẹ̀. Omi 1000 lítà wúwo tó tọ́ọ̀nù 1. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ dagun lè ṣe é. Ẹni tí rọ́bà rẹ̀ wà lórí òrùlé kò lè ṣe é.

* * *

Ọ̀rọ̀ kúkúrú lórí bàbà. Páìpù bàbà ń gbé ooru dáadáa, ìdí nìyẹn tó fi wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ omi ìwẹ̀. Májèlé ni fún ẹja, pàápàá nínú omi tó rọ̀, tí èròjà ilẹ̀ kò pọ̀ nínú rẹ̀, tó sì kan díẹ̀. Irin tí wọ́n fi síńkì bò kò sàn jù ú lọ. Rọ́bà tí wọ́n ṣe fún omi mímu tàbí irin tí kì í dípẹtà ni kí omi ẹja gbà kọjá. Mi ò ní jiyàn lórí èyí.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ẹja, nítorí a ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé omi la ń sìn.

Epìyà ń dàgbà jù láàárín dígírì 27 sí 30. Àrọ̀ fẹ́ 25 sí 30. Bí omi epìyà bá lọ sílẹ̀ kọjá 17, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹun mọ́, nígbà tó bá sì súnmọ́ 10, ikú ni. Ẹja trout ní tirẹ̀ fẹ́ omi tútù, 10 sí 16. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé rọ́bà dúdú dé ibẹ̀. Ẹ sì wo bí ooru ṣe ń yí padà. Mo gbà pé dígírì 25 tó dúró sójú kan láti àárọ̀ dé àárọ̀ sàn ju èyí tó ń lọ láti 22 sí 31 tó tún ń padà lójoojúmọ́. Kí omi má fi ju dígírì 1 lọ gbóná láàárín wákàtí kan. Láti 19 dé 28, ẹ jẹ́ kó gba ọjọ́ mélòó kan.

Ẹnu rọ́bà kò gbọdọ̀ wọ inú omi lọ tààrà. Ìdí méjì ló wà. Èkínní, bí kì í bá ṣe rọ́bà tí omi rẹ̀ ń ṣàn padà sínú táńkì, omi tó dúró nínú rẹ̀ lójú oòrùn lè gbóná kọjá ohun tí ẹja lè fara dà, èyí tó bá wà nítòsí ẹnu rọ́bà ló sì máa kọ́kọ́ gba á. Èkejì kò wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn: omi tútù tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, bó bá gbóná nínú páìpù tó sé pinpin, afẹ́fẹ́ náà kò ríbi jáde. Á pọ̀ ju ohun tí omi lè dì mú lọ. Ẹja tó bá fi irú omi bẹ́ẹ̀ mí, afẹ́fẹ́ lè di ìfófòó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ ó rí róńdóróńdó lábẹ́ awọ lẹ́bàá lẹbẹ, ojú rẹ̀ lè yọ síta. Oògùn rẹ̀ rọrùn: ẹ jẹ́ kí omi já bọ́ láti òkè sórí àwo oníhò wẹ́wẹ́, tàbí sínú asẹ́, kó fọ́n ká kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹja. Afẹ́fẹ́ tó pọ̀jù á ti jáde.

Amóníà náà wà níbẹ̀, ìyẹn oró tó ń ti ara ẹja àti ìgbẹ́ wọn jáde sínú omi. Bí pH omi, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó, bá jẹ́ 8, ní dígírì 20, apá tó lóró nínú gbogbo amóníà tí ẹ bá wọ̀n kò tó 4 nínú 100. Ní dígírì 30, ó lé ní 7. Nọ́ńbà kan náà lára ohun èlò àyẹ̀wò, ewu rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Omi tó gbóná ń mú kí ẹja jẹun púpọ̀, oúnjẹ púpọ̀ ń mú ìgbẹ́ púpọ̀ wá. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú asẹ́ tó ń jẹ amóníà á pọ̀ sí i pẹ̀lú ooru, ṣùgbọ́n ebi ẹja máa ń ṣáájú wọn. Ẹ fi oúnjẹ kún un díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wọn omi. Ọ̀sán tó ń lọ sí ìrọ̀lẹ́, nígbà tí omi bá gbóná jù, ni kí ẹ máa bọ́ wọn ní àsìkò òtútù, kì í ṣe òwúrọ̀.

* * *

"Ayé ti kọjá rọ́bà. Kí ló dé tí ẹ kò fi sólà oníná tan ẹ̀rọ ìgbómigbóná?"

Nítorí àyè. Páànẹ̀lì tó dára ń sọ nǹkan bí ìdá márùn-ún oòrùn di iná. Mítà onígun mẹ́rin 1 á fún yín ní 200 wáàtì ó lé díẹ̀, níbi tí rọ́bà ti ń fún yín ní 500. Ẹni tí òrùlé rẹ̀ gbòòrò, tí kò fẹ́ fáàfù àti omi tó ń jò, kò ṣe àṣìṣe bó bá yan wáyà. Mo mọ̀ pé wáyà rọrùn ju páìpù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ iná nínú omi tí ènìyàn ń tọwọ́ bọ̀ nílò ẹ̀rọ tó ń já iná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó bá ń jò, ẹ má fi ìyẹn ṣeré. Ní tèmi, páànẹ̀lì fún pọ́ǹpù, rọ́bà fún ooru.

* * *

Ẹnìkan béèrè pé ṣé táńkì fúnra rẹ̀ kò lè jẹ́ ohun tó ń gba oòrùn. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn New Alchemy Institute, ẹgbẹ́ olùwádìí kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1969 tí wọ́n sì ṣiṣẹ́ ní Cape Cod ní Amẹ́ríkà, ṣe é ní àwọn ọdún 1970: àgbá ńláńlá tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá, omi kún inú rẹ̀, ewéko omi wẹ́wẹ́ sọ omi náà di àwọ̀ ewé, epìyà ń jẹ ewéko náà. Omi aláwọ̀ ewé yẹn ń gba ooru lọ́sàn-án, ó sì ń tú u sínú ilé tí wọ́n gbé e sí lóru.

Mo fẹ́ràn èrò yẹn gan-an, àmọ́ ẹni tó bá ṣe é, ohun ọ̀sìn méjì ló ń sìn. Ewéko omi ń fún ẹja ní ọ́síjìn lọ́sàn-án, ó sì ń bá wọn du ú lóru. Ó sì lòdì sí fóòmù: ẹ̀gbẹ́ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé ló ń jẹ́ kí ooru jáde. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ fi fóòmù sí ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn kì í dé, kí ẹ ní aṣọ nípọn tí ẹ ó máa fi bo ẹ̀gbẹ́ tó kù lálẹ́. Ilé ọ̀rá tó bo gbogbo táńkì sàn ju ìyẹn lọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí ó ń dá afẹ́fẹ́ dúró pẹ̀lú.

* * *

Èyí tó wọlé kẹ́yìn wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí omi ń dì níbi tó ń gbé. Ó fẹ́ kí omi orí òrùlé yàtọ̀ sí omi ẹja, kí wọ́n fi oògùn tí kì í jẹ́ kí omi dì sínú ti òrùlé, kí ooru sì gba inú páìpù tó ká sínú táńkì wọlé.

Ó ṣe é ṣe. Ethylene glycol, èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, májèlé ni, kó má súnmọ́ ibẹ̀. Propylene glycol ni kí ẹ lò. Kí páìpù tó wà nínú omi jẹ́ irin tí kì í dípẹtà. Bó bá jẹ́ rọ́bà, kó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, nítorí rọ́bà kì í jẹ́ kí ooru kọjá bíi ti irin. Ẹ gbé e sínú àgbá asẹ́, kì í ṣe àárín ẹja, kí omi máa ṣàn kọjá lára rẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ sàmì sí ibi tí omi òrùlé ga dé nínú àgbá kékeré tirẹ̀, kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ń lọ sílẹ̀ láìsí ibi tí omi ti kán sílẹ̀ lábẹ́ òrùlé, inú omi ẹja ló ń jò sí. Ẹ pa pọ́ǹpù, ẹ yọ páìpù náà kúrò nínú àgbá, ẹ pààrọ̀ apá kan omi, lẹ́yìn náà kí ẹ tó wá ibi tó ti ń jò.